Jẹ́léósinmi: Bí Ilé bá ń Sinmi, Kí ni Ọmọ ń Kọ́?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ó jọ pé apá kan rẹ̀ ni a máa ń rò jù. Gbogbo ayé gbà pé àgbà gbọ́n. A kì í sábà béèrè ibi tí ọmọdé ti rí ọgbọ́n tirẹ̀. Ọmọ kì í gbé ọgbọ́n ìbágbépọ̀ lọ́wọ́ wá sí ayé. Ẹkún nìkan ni ó mọ̀ nígbà tí ó dé. Kò mọ bí a ti ń kí ènìyàn, kò mọ bí a ti ń pín nǹkan jẹ, kò mọ bí a ti ń ní sùúrù títí yóò fi kan ni, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ohun tí ó dun òun lè dun ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ènìyàn ni ó ń kọ́ ọ ní gbogbo èyí, díẹ̀díẹ̀, láti orí ẹ̀yìn ìyá títí dé àárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, kí agogo mẹ́jọ tó lù, ẹni tí ó bá dúró ní Lágere yóò rí àwọn òbí tí wọ́n ń mú ọmọ kéékèèké lọ. Òmíràn wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, òmíràn há sáàárín èrò méjì lórí ọ̀kadà, òmíràn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí báàgì tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Òmíràn ń sunkún, òmíràn ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ń mú wọn lọ ni ibi tí àwọn Yorùbá ń pè ní jẹ́léósinmi.

Orúkọ yìí tó ohun tí à ń dúró wò. Jẹ́ kí ilé ó sinmi! Ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ariwo ọmọ ni ó ń sá fún. Ó fẹ́ kí ìyá ráyè lọ sí ọjà, kí bàbá ráyè lọ sí ibi iṣẹ́, kí ìyá àgbà sì ráyè na ẹ̀yìn díẹ̀ lórí ẹní. Orúkọ náà dùn, ó sì pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà nìkan ni ó ń sọ. Ó sọ ohun tí ilé ń rí gbà. Kò sọ ohun tí ọmọ ń rí gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láàárín ọdún méjì sí márùn-ún tí ọmọ ń lò níbẹ̀, a ti ń fi ìpìlẹ̀ ìwà rẹ̀ lélẹ̀, nítorí pé àti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò.

Agbo Ilé ni Jẹ́léósinmi Àkọ́kọ́

Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, agbo ilé ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Ìlárè, ní Ìrèmọ, ní Mọ̀ọ̀rè, ní Òkèrèwè àti ní Ìlódè, tí wọ́n jẹ́ àdúgbò àtayébáyé ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ kan kì í dá dàgbà. Bàbá àgbà àti ìyá àgbà wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá àti àbúrò bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú aya wọn, àwọn ọmọ wọn sì pọ̀ ní oríṣiríṣi ọjọ́ orí. Bí ìyá bá ń lọ sí oko tàbí sí ọjà, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí yóò gbà á ti wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ pé ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ nínú agbo ilé kò ní ìwé, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ nínú àwo kan, ẹni tí ó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lá ọbẹ̀ tán láì rántí àbúrò rẹ̀. Bí wọ́n bá rán ọmọ ní iṣẹ́ lọ sí ojúlé kejì, yóò kí ará ibẹ̀ ná, kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí òṣùpá bá yọ, wọn yóò ṣe bojúbojú, níbi tí ẹni tí wọ́n dì lójú ti ń kọ́ láti má ṣe yọjú wò. Wọn yóò ṣe ẹkùn mẹ́ran, níbi tí gbogbo ọmọ ti ń di ọwọ́ ara wọn mú yí ẹran ká kí ẹkùn má baà rí i gbé. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ẹkùn wọlé nìyẹn. Ta ni ó tún lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣàlàyé ìṣọ̀kan fún ọmọ ọdún márùn-ún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà kíyè sí. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú agbo ilé, ọmọ ọdún mẹ́rin yóò jẹ́ ọmọ níwájú àwọn ìyá, yóò jẹ́ àbúrò fún ẹni tí ó jù ú lọ, yóò sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀. Ó ń gba àṣẹ, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì ń dáàbò bo ẹlòmíràn. Ipò mẹ́ta ni ó ń kọ́ lójoojúmọ́, kò sì sí tíṣà tí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá ní Yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó di mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, kọ ìwé kan lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 1974. Nínú rẹ̀ ni ó ti ka ohun méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ wà fún: kí ara ọmọ le, kí ìwà rẹ̀ gún, kí ó bọ̀wọ̀ fún àgbà àti fún aláṣẹ, kí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, kí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kí ó sì mọyì iṣẹ́, kí ó mọ̀ pé òun jẹ́ ara ẹbí àti ara ìlú, kí ó sì mọ àṣà àwọn baba rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka méje yìí dáadáa yóò rí i pé èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ti bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé.

Ohun tí ó Tú Agbo Ilé Ká

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ire ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé kí a dá a padà. Ṣùgbọ́n ire náà ní ohun tí ó mú lọ kúrò nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n tí ó ti ń pọn àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ ti gbé síléètì, ó ti lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ kékeré ni ó kù nílé, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè gba orí kọjá kan etí òsì, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó tó ilé-ìwé lọ nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ oṣù tún pọ̀ sí i. Ní 1967, Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó wá sí Ilé-Ifẹ̀. Yunifásítì yìí ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ìyá tí ó jẹ́ akọ̀wé, nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà kò lè pọn ọmọ lọ sí ibi iṣẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ṣe ń pọn òun lọ sí oko. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya kó kúrò nínú agbo ilé, wọ́n lọ gba yàrá méjì sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Igba ojú tí ń wo ọmọ wá di ojú mẹ́rin péré, ojú mẹ́rin náà kò sì sí nílé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Robert Owen, tí ń ṣe àkóso ilé-iṣẹ́ òwú ní New Lanark ní Scotland, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba àwọn ọmọ kéékèèké àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 1816. Ní Jámánì, Friedrich Fröbel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1837, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí Ọgbà Àwọn Ọmọdé. Ní oṣù kìíní ọdún 1907, oníṣègùn obìnrin kan, Maria Montessori, ṣí ọ̀kan ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Róòmù, ó sì pè é ní Ilé Àwọn Ọmọdé. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ jọ láti kọ́ wọn, ní Abẹ́òkúta.

Ẹ wo orúkọ wọ̀nyí. Ará Jámánì pe tirẹ̀ ní ọgbà, ará Ítálì pe tirẹ̀ ní ilé, àwọn méjèèjì sì dárúkọ ọmọdé sí i. Yorùbá nìkan ni ó dárúkọ ìsinmi. Kì í ṣe pé Yorùbá kò fẹ́ràn ọmọ. Ta ni ó fẹ́ràn ọmọ tó Yorùbá? Èyí tí ó súnmọ́ òtítọ́ ni pé ẹni tí ó fún un ní orúkọ náà gbà pé ẹ̀kọ́ ìwà ti wà nínú ilé, pé kò sí ohun tí ilé tún ń wá ju ìsinmi lọ. Bí agbo ilé bá ti tú, a jẹ́ pé jẹ́léósinmi gbọ́dọ̀ ṣe ju ohun tí orúkọ rẹ̀ wí lọ.

Ohun tí Ẹgbẹ́ ń Kọ́ Ọmọ

Ọmọ fẹ́ràn ẹgbẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, èyí tí ó jáde ní 1981, pé òun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí òun tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin lọ sí ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un lọ. Bí ọmọ bá rí ibi tí àwọn ọmọ pọ̀ sí, ọkàn rẹ̀ a fà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fífẹ́ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí mímọ ẹgbẹ́ ẹ ṣe. Ní 1932, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mildred Parten, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ṣe ń ṣeré ní jẹ́léósinmi. Ó rí i pé àwọn tí ó kéré jù sábà máa ń dá ṣeré, tàbí kí wọ́n jókòó ti ara wọn, kí oníkálùkù máa bu yanrìn tirẹ̀ láìbìkítà fún èkejì. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í yá ara wọn ní nǹkan, wọn a sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó dàgbà jù ni ó lè pa èrò pọ̀, kí ọ̀kan wí pé òun ni ìyá, kí èkejì ní òun ni oníbàárà, kí ẹ̀kẹta sì máa dáná àmọ̀ nínú agolo. Kò sí ẹni tí ó lè fi pàṣán lé ọmọ láti ìpele kìíní dé ìkẹta. Àyè, ẹgbẹ́ àti àgbà tí ó ní sùúrù ni ó ń gbé e débẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti wo àwọn ọmọ níbi tí jángílọ́fà kan ṣoṣo wà yóò mọ bí iṣẹ́ náà ti le tó. Ọmọ méjì dì í mú, ọ̀kan ti èkejì ṣubú, igbe ta. Àǹtí tí kò mọṣẹ́ yóò na àwọn méjèèjì, yóò sì lé wọn wọlé. Àǹtí tí ó mọṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú ojú wọn. Yóò sọ fún èyí tí ó ti ẹnì kejì pé, “Wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ. Ó ń dùn ún. Kí ni a ó ṣe fún un?” Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ ẹni tí ó kàn àti ẹni tí yóò tẹ̀lé e. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọ méjì ti kọ́ àánú, ẹ̀bẹ̀ àti ìdájọ́ òdodo.

Orúkọ tí àwọn ọmọ sì ń pe olùkọ́ wọn níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àǹtí ni wọ́n ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n agbo ilé ni ó wà nínú rẹ̀: ọmọ kò mọ òṣìṣẹ́, ẹbí ni ó mọ̀. Ó sọ àjèjì di ẹ̀gbọ́n ìyá, ó sì ń retí kí ó ṣe bí ẹ̀gbọ́n ìyá sí òun. Jẹ́léósinmi tí ó bá gba orúkọ yìí lẹ́nu ọmọ ti jẹ gbèsè tí owó ilé-ìwé nìkan kò lè san.

Ohun tí Agbo Ilé kò Lè Kọ́ Ọmọ

Kí a má tan ara wa, agbo ilé náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ń kọ́ ọmọ láti fẹ́ràn àwọn ará ilé rẹ̀. Kì í sábà kọ́ ọ bí yóò ṣe bá ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ gbé. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1981 àti ní 1983, ó sì tún bẹ́ sílẹ̀ láti 1997 títí wọ ọdún 2000. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá ṣòfò, àwọn tí ó ti ń na ọjà kan náà sì di ẹni tí kò lè gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá. Èdè kan ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọ́n sì ti fẹ́ ara wọn, wọ́n ti bímọ fún ara wọn.

Kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí a bí ìjà yẹn mọ́. Bí a bá gbé ọmọ Ìlódè àti ọmọ Modákẹ́kẹ́ jókòó síwájú abọ́ mọ́ínmọ́ín kan, wọn yóò jẹ ẹ́. Bí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́ bá di ọwọ́ ara wọn mú nínú ẹkùn mẹ́ran, ẹran ni wọ́n ń dáàbò bò, wọn kì í béèrè ibi tí èkejì ti ń kírun tàbí ibi tí ó ti ń gbàdúrà. Àgbà ni ó ń kọ́ ọmọ ní ẹni tí yóò kórìíra. Nítorí náà, níbi tí àwọn ọmọ oríṣiríṣi ìdílé ti pàdé láìtíì mọ ìjà àwọn baba wọn, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìlú máa ṣọ́ bí ẹyin. Èyí ni jẹ́léósinmi lè ṣe tí agbo ilé kò lè ṣe.

Ohun tí ó Pẹ́ Lára Ọmọ

Àwọn òbí kan yóò béèrè pé èrè wo ni ó wà nínú eré, nígbà tí ọmọ aládùúgbò ti ń ka ABD, tí ó sì ti ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí kan tí ó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà lè dá wọn lóhùn. Láti 1962 títí di 1967, ní ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan, wọ́n mú ọmọ aláwọ̀ dúdú 123 láti ilé àwọn tálákà. Wọ́n fi 58 sí jẹ́léósinmi nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. 65 ìyókù kò lọ. Nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ ni àwọn ọmọ náà ń lò níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn fúnra wọn ni ó ń yan iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe, wọn a ṣe é, wọn a sì jókòó sọ bí ó ti rí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ ń lọ bá ìyá àti ọmọ nílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó lọ ṣe dáadáa ju àwọn ìyókù lọ nínú ìdánwò ọpọlọ. Láàárín ọdún mélòó kan, ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Ẹni tí ó bá ti kánjú ìbá ti sọ pé owó ti ṣòfò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi pé ogójì ọdún. Nínú àwọn tí kò lọ, ìdá 55 nínú 100 ni ọlọ́pàá ti mú nígbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí ó lọ, ìdá 36 ni. Àwọn tí ó lọ sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó parí ilé-ìwé girama àti nínú àwọn tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbéga ìdánwò ti lọ, ìwà kò lọ. Ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ nìyí nígbà tí wọ́n fi ìwà ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ ọmọ.

Kí a sì sọ ìhà kejì. Ní 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, lórí ọmọ tí ó lé ní 1,300 láti ìgbà tí a ti bí wọn. Wọ́n rí i pé ọmọ tí ó bá ń pẹ́ jù lójoojúmọ́ ní ọwọ́ àwọn alágbàtọ́ lè le sí ẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ju àwọn ìyókù lọ, àti pé bí ìtọ́jú ibẹ̀ bá ti dára sí ni ọmọ ń jàǹfààní sí. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n rí i pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ ní agbára lórí rẹ̀ ju ibi tí a ń gbé e lọ ní ọ̀sán lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé lè sinmi ariwo. Kò lè sinmi ọmọ títọ́.

Èdè tí Ọmọ fi ń Bá Ayé Pàdé

Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ kan jáde. Ó sọ nínú rẹ̀ pé lára ohun tí jẹ́léósinmi wà fún ni láti kọ́ ọmọ ní ìwà tí àwùjọ fẹ́, ìmọ́tótó, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ìfẹ́ láti wádìí nǹkan. Ó ní eré ni kí a máa fi kọ́ wọn jù lọ, àti pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ọmọ ni kí a máa lò. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ṣe ní 2004, tún ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ohun tí ó wà lórí ìwé dára.

Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi yàtọ̀. A ń rí ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó ń gbé iṣẹ́ àṣetiléwá bọ̀ láti jẹ́léósinmi. A ń rí ibi tí Yorùbá ti di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tí ó ń sunkún, tí ó fẹ́ sọ pé wọ́n gba àkàrà òun, yóò kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́. Bí kò bá rí i, yóò fi eyín bá ẹni tí ó gbà á sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó ń gba ipò ìkúùkù. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ, kí ni a fẹ́ kí ó fi parí ìjà? Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ kan náà yóò padà sí ilé, yóò dúró gbọnrangandan níwájú ìyá rẹ̀ àgbà, kò ní lè kí i débi tí yóò bi í léèrè àlọ́.

Ilé-Ifẹ̀ gan-an ni ibi tí ó yẹ kí ìbẹ̀rù yìí ti kọ́kọ́ kúrò. Láti 1970 títí di 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kejì fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ti ilé-ìwé yòókù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ títí dé òpin ṣe dáadáa jù nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì kù díẹ̀ káàtó nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Lóòótọ́, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà wà fún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mọ́kànlá kò bá pàdánù nǹkan kan nípa èdè rẹ̀, kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta yóò pàdánù?

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò tíì dúró lójú kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ohun yòówù kí ìwé ìjọba wí lórí èdè ìkọ́ni, kò sí ìwé tí ó lè pa á láṣẹ pé kí Àǹtí má ṣe fi Yorùbá rẹ ọmọ lẹ́kún, kí àwọn ọmọ má ṣe fi Yorùbá ṣeré nínú ọgbà, tàbí kí ìyá má ṣe pàlọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní alẹ́.

Kí Ilé Sinmi, Kí Ọmọ Gbọ́n

Òbí tí ó ń wá jẹ́léósinmi fún ọmọ rẹ̀, kí ó má wo àwọ̀ tí wọ́n fi kun ògiri àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan. Kí ó bèèrè iye ọmọ tí ó wà ní ọwọ́ Àǹtí kan. Ìlànà ìjọba ní kí ó má ju 25 lọ, àwọn ìkókó sì gbọ́dọ̀ kéré sí èyí púpọ̀. Kí ó wò bóyá ilẹ̀ wà tí àwọn ọmọ lè sáré lórí rẹ̀. Kí ó tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé: bí ó bá gbọ́ ẹ̀rín àti àròyé, kí ó fi ọkàn balẹ̀; bí ibẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé ẹjọ́, kí ó rò ó wò.

Ẹni tí ó ni jẹ́léósinmi lè dá agbo ilé padà sínú ọgbà rẹ̀ láìná owó púpọ̀. Kí ó jẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún àti ọmọ ọdún mẹ́ta máa pàdé lójoojúmọ́, bí Montessori ti máa ń pa wọ́n pọ̀, kí ẹ̀gbọ́n lè kọ́ ìtọ́jú, kí àbúrò sì rí ẹni tí yóò wò kọ́. Kí ó fi ẹkùn mẹ́ran àti bojúbojú sínú iṣẹ́ ọjọ́. Kí ó pe àwọn ìyá àgbà àdúgbò wá pàlọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn jókòó sílé nísinsìnyí láìrí ọmọ kankan bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn méjèèjì ni ó nílò ara wọn.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, tí ọmọ bá ti jẹ́léósinmi dé, tí ó kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn tí ó bá nílé, tí ó yọ ìdajì bisikíìtì rẹ̀ láti inú àpò tí ó sì nà án sí àbúrò rẹ̀, a jẹ́ pé ilé ti sinmi, ọmọ náà sì ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òwe Ifẹ̀ ń sọ. Àgbà gbọ́n láti fi í síbi tí ó ti lè rí ẹ̀kọ́, ọmọdé náà sì gbọ́n láti mú ẹ̀kọ́ náà bọ̀ wálé.